Ọjọ́ márùn-ún nínú igbó: èmi, àgbọ̀nrín, àti ìmọ́lẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́

Sọ́ńdè, alẹ́

A ti dé síbi tí a máa sùn, èmi àti Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n yìí ti ń dẹ àgbọ̀nrín kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú, èmi ọdún kẹta mi ṣì rèé. Ọdún méjì tó kọjá mi ò pa nǹkan kan, ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó mọṣẹ́ yìí ló ń sọ pé àárọ̀ kùtù ni àgbọ̀nrín máa ń rìn, èmi náà sì ń jí láàárọ̀ kùtù, síbẹ̀ ìrù funfun wọn nìkan ni mo máa ń rí nígbà tí wọ́n bá ń sá lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní lọ́tẹ̀ yìí màá kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, aago, ìmọ́lẹ̀, atẹ́gùn, ohun tí mo rí àti ohun tí mi ò rí, kí n lè mọ ibi tí mo ti ń ṣì í.

Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí nìyí, ẹ fi sọ́kàn torí gbogbo ìyà tó jẹ mí lọ́sẹ̀ yìí inú àwòrán yìí ló wà. Pápá gbalasa kan wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn àgbọ̀nrín ti ń jẹko lóru. Láti pápá yẹn ilẹ̀ gòkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sápá ìwọ̀ oòrùn, igbó ni gbogbo ẹ̀, lókè pátápátá ni igbó ti ki jù, ibẹ̀ ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí lójú ọ̀sán. Odò kékeré kan gba ẹ̀gbẹ́ gúúsù kọjá. Ọkọ̀ wa máa dúró ní ìlà oòrùn pápá.

Áàpù ní oòrùn máa yọ ní 6:45 lọ́la. Òfin ibi tí à ń dẹ fàyè gba ìbọn láti ìdajì wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ń lo irú òfin yìí. Ìyẹn jẹ́ 6:15. Mo ní ká jáde ní 5:45, ká rìn gba pápá kọjá, ká ti jókòó kó tó di 6:15. Ẹ̀gbọ́n wò mí, wọ́n ní "àbúrò, ìwọ lo fẹ́ kọ̀wé, ìwọ ni kó o ṣètò ẹ̀." Ó yẹ kí n ti fura sí ohùn yẹn.

Mọ́ńdè. Oòrùn yọ 6:45

Wàhálà.

5:52 ni mo wọ pápá, tọ́ọ̀ṣì funfun lórí mi, mò ń rìn bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Mi ò tíì dé ìdajì pápá tí nǹkan fi fọn imú kíkankíkan lápá òsì mi, fùúù! bí ẹni tú afẹ́fẹ́ táyà. Mo yí orí. Ojú ni mo rí, ojú méjì-méjì tó ń tàn bíi gíláàsì, mo ka bíi mẹ́jọ kí wọ́n tó pẹ̀yìn dà. Mo gbọ́ pátákò wọn lórí ilẹ̀, gbì-gbì-gbì, wọ́n sì ti wọgbó lọ. Gbogbo ẹran tí mo wá bá, mo ti lé wọn sílé kí n tó dé ìdí igi mi.

A jókòó títí aago mẹ́sàn-án. Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ló dá wa lóhùn.

Nígbà tí a padà, Ẹ̀gbọ́n ní "ṣé o rò pé wọ́n ń dúró de oòrùn kí wọ́n tó jáde ni? Ìwọ ń jí bọ̀, àwọn ń lọ sùn." Ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn o. Mo ti máa ń rò pé ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ló ń mú wọn jáde, bẹ́ẹ̀ ìta ni wọ́n wà látòru, ìmọ́lẹ̀ ló ń lé wọn wọlé. Wọ́n á jẹ koríko kún ikùn níbi tó tẹ́jú nígbà tí òkùnkùn bò wọ́n, tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́ wọ́n á máa gòkè lọ síbi tí wọ́n á ti dùbúlẹ̀ kí wọ́n máa jẹ àpọ̀jẹ. Nǹkan tí ọdẹ ń wá ni ìrìn àárín méjèèjì yẹn, kò sì gùn.

Àti pé ojú tó tàn yẹn, kì í ṣe iná ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yìn ojú wọn ní awọ kan tó ń dán bíi dígí, ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé tó fẹ́ ṣòfò, awọ yẹn á dá a padà kí ojú tún un lò lẹ́ẹ̀kejì. Ológbò náà ní i. Èèyàn ò ní. Torí náà àkókò tí èmi ń pè ní òkùnkùn, ẹran náà ń ríran nínú ẹ̀ dáadáa, ó sì ń wò mí bí mo ṣe ń kọsẹ̀.

Túsìdeè. Oòrùn yọ 6:46

Ìṣètò tuntun, ti Ẹ̀gbọ́n báyìí. A jí ní 3:45. A ò fẹsẹ̀ kan pápá rárá, a gba etí odò yí ká, ó fi bí ogójì ìṣẹ́jú gùn sí i, ṣùgbọ́n ariwo omi bo ariwo ẹsẹ̀ wa. Tọ́ọ̀ṣì oníná pupa ni Ẹ̀gbọ́n fún mi.

Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì pupa yìí ní ìtàn tiẹ̀. Ní 1994 àwọn onímọ̀ kan, títí kan àwọn ará Yunifásítì Georgia, tẹ ìwádìí jáde lórí ojú àgbọ̀nrín oníìrù-funfun, wọ́n wọn bí ojú wọn ṣe ń dáhùn sí oríṣiríṣi àwọ̀. Àwa èèyàn ní oríṣi mẹ́ta nínú àwọn nǹkan tó ń mọ àwọ̀ lẹ́yìn ojú, àgbọ̀nrín ní méjì péré, ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kan fún gírììnì. Ti pupa ò sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ aṣọ àwọ̀ ọsàn tó ń pariwo yìí kí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ wa má baà yìnbọn fún wa, tí ẹran ò sì ka àwọ̀ yẹn sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n búlúù, ah, wọ́n mọ búlúù jù wá lọ. Ẹ̀gbọ́n ò gbà kí n fi ọṣẹ ìfọṣọ tó ń mú aṣọ funfun dán fọ aṣọ ìdẹ, wọ́n ní nǹkan tó wà nínú ẹ̀ máa ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò rí, á wá yí i padà sí búlúù, ìmọ́lẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ gan-an ló sì kún fún irú ẹ̀. Mo rò ó wò, mo ti fọ jákẹ́ẹ̀tì mi pẹ̀lú ọṣẹ yẹn ní gbogbo ọdún méjì tó kọjá, mo mọ́ tónítóní, mo sì ń tàn bí àtùpà nínú igbó.

5:08 mo ti wà lórí àga orí igi. Mo pa tọ́ọ̀ṣì. Òkùnkùn biribiri. Ó máa ń tó bí ìdajì wákàtí kí ojú èèyàn tó mọ òkùnkùn dáadáa, mo fi ìgbéraga dúró dè é, ní 5:35 mo ti ń rí ẹsẹ̀ ara mi, mo bá mú fóònù pé kí n wo aago. Wàì! Gbogbo ẹ̀ tún dúdú. Mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ torí mi ò tíì jókòó wò ó rí láyé mi, mo kàn máa ń sọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Kì í wá lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan àkọ́kọ́ ni pé ọ̀run yà kúrò lára igi, o ò rí igi o, o kàn mọ̀ pé ibì kan dúdú ju ibì kan lọ. Lẹ́yìn náà ìdí igi bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ewé tó já sílẹ̀, ó kọ́kọ́ dà bí ẹní kan tí wọ́n tẹ́, kó tó wá di ewé kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ ló kẹ́yìn. Aṣọ ọsàn tó wà lọ́rùn mi, eérú ni mo rí i, eérú, eérú, mo gbójú kúrò, mo padà wò ó, ó ti di ọsàn.

Àárín eérú yẹn ni wọ́n gbà kọjá. 6:12, ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú àkókò òfin, mo rí ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan, tó ń lọ láàárín igi láìní ara lórí. Abo mẹ́ta ni, mo mọ̀ nígbà tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá mi tán. Mo fi lẹ́ńsì ìbọn wò wọ́n, dúdú ni mo rí. 6:29, òmíràn, òun náà dákẹ́ bí ẹni jí nǹkan gbé.

Lẹ́yìn náà ni ti akọ yẹn. Ẹ rántí pé pápá wà ní ìlà oòrùn, èmi kọjú sí pápá. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. 6:54 oòrùn gun orí àwọn igi ọ̀hún, ó gbá mi lójú tààrà, gbogbo nǹkan tó wà níwájú mi di wúrà tí mi ò lè wò. Inú wúrà yẹn ni nǹkan kan ti ń rìn bọ̀. Mo rí ìwo. Mo gbé ìbọn, ìmọ́lẹ̀ kọ lára lẹ́ńsì mi, ẹran náà dúró gbọin, ó fi ẹsẹ̀ iwájú gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó na ìrù funfun yẹn sókè, ó dàgbéré. Òun ń rí gbogbo ara mi bí ẹni wà lórí ìtàgé, èmi ò rí ju òjìji lọ. Mo jókòó, mo ń bú ara mi.

Wẹ́sìdeè. Oòrùn yọ 6:47, áàpù ló sọ bẹ́ẹ̀

Mi ò rí oòrùn kankan. Ìkùukùu bo gbogbo ọ̀run, òjò wínníwínní. Ní 6:50 igbó ṣì dà bó ṣe rí ní 6:20 àná. Áàpù ò mọ ìkùukùu, ibi tí oòrùn wà ló mọ̀. Ohun tí mo rí lónìí ni pé bí ilẹ̀ ò ṣe tètè mọ́ yẹn, àwọn náà ò kánjú, abo àti ọmọ wọn ń kọjá díẹ̀díẹ̀ títí di 7:25. Ìwé àṣẹ wa akọ nìkan ló wà fún, mo kàn ń wòran.

Nínú àgọ́ lálẹ́, ọ̀rọ̀ dórí òṣùpá. Mo ní mo ti gbọ́ pé tí òṣùpá bá ti tàn lóru mọ́jú, wọn kì í rìn láàárọ̀ mọ́ torí wọ́n ti jẹun yó. Ẹ̀gbọ́n kàn yín imú. Wọ́n ní àwọn tó fi bẹ́líìtì GPS sí àgbọ̀nrín lọ́rùn láti mọ ìrìn wọn rí i pé, òṣùpá tàn ni o, òṣùpá ò tàn ni o, àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ náà ni ìrìn wọn ń pọ̀ jù. "Ẹni tí ò bá rí ẹran pa ló ń bá òṣùpá ṣẹjọ́." Mo ti bá òṣùpá ṣẹjọ́ dáadáa lọ́dún tó kọjá. Mo dákẹ́.

Tọ́sìdeè. Oòrùn yọ 6:48

Ìrì dì lóru, koríko funfun bí ẹni da iyọ̀ sí i, ọ̀run mọ́ kedere. A ti gbé àga kúrò. Lónìí mo wà sókè sí i, ní apá àríwá ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ wọn ti là, mo kọjú sí gúúsù kí oòrùn bọ́ sí òsì mi. Kòtò àgbàrá kan wà lábẹ́ mi, Ẹ̀gbọ́n ló ní kí n jókòó lórí ẹ̀ torí atẹ́gùn. Wọ́n ní atẹ́gùn tútù wúwo, tó bá di ìdájí á máa ṣàn wá sísàlẹ̀ bí omi, tí mo bá jókòó sórí ojú ọ̀nà ẹran gan-an òórùn mi á ṣàn lọ pàdé wọn ní pápá, ṣùgbọ́n tó bá wọ kòtò, kòtò á gbé e lọ. "Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti ta sí ara òkè," wọ́n ní, "sọ̀ kalẹ̀ o. Má dúró."

Mo gbé páúdà díẹ̀ dání, mo ń gbọ̀n ọ́n kí n lè rí ibi tí atẹ́gùn ń lọ. 6:20, ó rọra ń lọ sísàlẹ̀ wọ kòtò. Abo méjì kọjá mi ní 6:24, wọn ò mọ̀ pé mo wà láyé. Inú mi dùn! 6:50, ó ṣì ń lọ sísàlẹ̀. 7:03, mo gbọ̀n ọ́n, páúdà dúró lójú kan bí ẹni ń ronú. Oòrùn ti dé ara òkè, ìrì dídì ti ń yọ́, ó ń kán tó-tó-tó káàkiri. Mo rántí ohun tí wọ́n sọ. Mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré sí i, ara mi ń sọ fún mi pé akọ ń bọ̀.

Akọ ń bọ̀ lóòótọ́. Ó ń lé abo kan, àkókò wọn nìyí, kì í sì í ṣe òtútù ló ń sọ fún wọn pé àkókò ti tó bí mo ṣe máa ń rò, bí ojúmọ́ ṣe ń kúrú ni ara wọn ń kà, ojúmọ́ ni kàlẹ́ńdà wọn. Òkè ni wọ́n ti yọ sí mi. Mo gbọ̀n páúdà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gòkè lọ tààrà, ó gba iwájú imú mi kọjá. Mi ò tíì gbé ìbọn tí abo yẹn fi fọn imú, fùúù, mo mọ ohùn yẹn dáadáa báyìí. Tán.

Oòrùn àti òórùn, àmì orí wọn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, láàárọ̀ yìí wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lé mi lórí. Oòrùn yọ, ó mú ilẹ̀ gbóná, atẹ́gùn gòkè, ó gbé òórùn mi lọ fún ẹni tí mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ò bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Fúráìdè. Oòrùn yọ 6:49

Ọjọ́ ìkẹyìn. Àga wà níbi tó wà lánàá, ọ̀run ní ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìrì ò dì. 5:05 mo ti jókòó, fóònù wà nínú àpò, mo ti kó aago mi sínú ìbọ̀sẹ̀ kí n má baà dán ara mi wò.

Abo kan kọjá ní nǹkan bíi 6:21 (mo gbọ́ agogo kékeré tí mo ṣètò sí 6:19 láti mọ àkókò òfin, ó kàn gbọ̀n ní àpò mi). Ó ń wo ẹ̀yìn. Abo tó bá ń wo ẹ̀yìn, nǹkan wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo wo ibi tó ń wò, kùkùté kan ni mo rí, ní nǹkan bí ogójì mítà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan tó wó. Ṣé kùkùté wà níbẹ̀ lánàá? Mi ò rántí. Mo tẹjú mọ́ ọn, ó pòórá. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó padà wá. Bí ojú ṣe ń ṣe nínú òkùnkùn nìyẹn, àárín ojú wa ò wúlò níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò tó, ẹ̀gbẹ́ ló ń ríran, torí náà èèyàn á máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo nǹkan bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Mo wo kùkùté yẹn, kùkùté yẹn wò mí. Kò mira. Ẹsẹ̀ mi ti kú. Mo ti ń sọ fún ara mi pé igi ni, sọ̀kalẹ̀ jàre, kùkùté bá gbọn etí.

Ọkàn mi fò. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ìwo, Ẹ̀gbọ́n sì ní òfin kan tí kò sí nínú ìwé ìjọba, tí o ò bá lè ka ẹ̀ka ìwo ẹ̀, má fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ń fà. Àkókò òfin ti tó o, ìmọ́lẹ̀ ni ò tíì tó. Àwa méjèèjì dúró dè é. Ìwo kọ́kọ́ dà bí ẹ̀ka igi tó wà lẹ́yìn ẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀ka igi wà lọ́tọ̀, ìwo wà lọ́tọ̀, mo ka mẹ́rin lápá kan. Mo tún rí i pé ẹran mìíràn wà lẹ́yìn ẹ̀ gan-an, abo kan tí ǹ bá ti pa mọ́ ọn ká ní mo yìn ní ìṣẹ́jú méjì ṣáájú. Mo dúró. Abo kúrò. Akọ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yọ síta, mo yìn.

Ó ta kìjí, ó wọgbó. Mo wo aago nínú ìbọ̀sẹ̀, 6:38.

Ìdajì wákàtí ló yẹ kí n dúró kí n tó tọpa ẹ̀. Mo mọ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mo ti wà nílẹ̀. Lábẹ́ igi níbẹ̀ ṣì ṣókùnkùn, mo tan tọ́ọ̀ṣì orí mi, mo dé ibi tó dúró sí, mo wá ẹ̀jẹ̀. Kò sí. Mo tẹ̀ba, mo ń yí ewé kọ̀ọ̀kan, mo rìn síwájú, mo rìn padà, ẹ̀jẹ̀ ò sí, irun ò sí, mo ní mo ti tàsé, ọdún kẹta rèé, omi ti ń bọ̀ lójú mi díẹ̀, kí n má purọ́.

Ẹ̀gbọ́n ti gbọ́ ìbọn, wọ́n dé láti apá odò. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Kí lo tàn sórí yẹn?"

"Tọ́ọ̀ṣì pupa tí ẹ fún mi ni."

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, àwọ̀ wo ni?"

Mi ò lè dáhùn. Ewé tó já sílẹ̀ jẹ́ rẹ́súrẹ́sú, ẹ̀jẹ̀ pupa, tí èèyàn bá tan iná pupa sí méjèèjì wọ́n á dọ́gba, kò sí nǹkan tó máa ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ohun tí kò jẹ́ kí ẹran rí mi ni kò jẹ́ kémi náà rí ẹran. Wọ́n ní kí n pa á, kí n jókòó síbi tí mo wà, kí n má rìn mọ́, kí ilẹ̀ mọ́.

A jókòó. Ẹyẹ bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lára igi bí omi tó ń kún láti òkè. Ní 7:12 ó kan ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà níbi gbogbo, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó ń hó díẹ̀, ti ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn, ó tọ́ lára ewé láti ibi igi tó wó lọ sísàlẹ̀. Mo dìde. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ tọ́ka sí ẹsẹ̀ mi. Mo gbé bàtà, ẹ̀jẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀, tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, mo ti ń tẹ̀ ẹ́ látìgbà yẹn.

Ẹran náà ò jìn, ìṣísẹ̀ 70 sí ibẹ̀, orí ẹ̀ kọjú sí òkè níbi tó ń lọ sùn. Mo ṣí ìwé, mo kọ 6:38 fún ìbọn, 7:12 fún ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń yọjú wo ohun tí mò ń kọ, wọ́n ní kí n kọ ti bàtà náà sí i.